Wọ́n ní ojú mi dáa, àmọ́ mi ò ríran: ohun tí keratoconus ń ṣe fún ojú

Ìrẹsì Ọ̀fadà ló tú mi fó. Ìyá mi gbé e fún mi pé kí n bá àwọn ṣa òkúta inú ẹ̀, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo ṣà á, mo ṣà á, mo ní ó ti tán. Nígbà tá a wá ń jẹun, bàbá mi ge òkúta jẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ilé wá ń wò mí bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ibi àyẹ̀wò ojú dé o, mo ka káàdì ara ògiri débi tó dáa, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ojú mi, pé kí n kàn pààrọ̀ gíláàsì. Gíláàsì kẹrin láàárín ọdún méjì nìyẹn.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, káàdì ìgbéyàwó, bánà ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ náà ni. Torí ẹ̀, nígbà tí mo wá bọ́ sọ́wọ́ dókítà obìnrin kan tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, pé keratoconus ni, àìsàn tó ń sọ awọ iwájú ojú di tínrín títí á fi ṣe ṣóńṣó, gbólóhùn tó sọ fún mi ò ṣàjèjì sí mi rárá. Ó ní, "Bọ̀dá, lẹ́tà lẹ̀ ń rí o, kọ́ńtíráàsì ni ò sí lójú yín mọ́."

Ẹni tó bá ti fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe rí á mọ̀ ọ́n. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè fà síwá sẹ́yìn, kọ́ńtíráàsì ni wọ́n kọ sí i lára. Tí ẹ bá fà á sílẹ̀, ibi tó dúdú nínú fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ibi tó funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, títí gbogbo ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ eérú kan náà. Kò sí nǹkan tó kúrò nínú fọ́tò yẹn o, imú ṣì wà níbi tí imú wà, gèlè ṣì wà lórí, àmọ́ ohun tó ń jẹ́ kí imú yọ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti lọ. Bí àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an ló rí, tí ẹ mọ̀ pé òkè wà níwájú yín lọ́hùn-ún, àmọ́ tí òkè àti ojú ọ̀run jọ ń ṣe àwọ̀ kan. Tí wọ́n bá wá ń sọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàsì ojú èèyàn, ohun tí wọ́n ń bi ni pé ìyàtọ̀ àwọ̀ tó kéré jù tí ojú yìí lè rí láàárín nǹkan kan àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, báwo ló ṣe kéré tó. Ojú ọ̀dọ́ tó dáa lè rí lẹ́tà ńlá tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi ṣókùnkùn ju ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ. Temi ò tiẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Ibo ni keratoconus ti wá wọ̀ ọ́? Ẹ wo ojú ẹni tó jókòó tì yín láti ẹ̀gbẹ́. Níwájú ibi dúdú ojú, awọ kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara bíi dígí, tó rọra yọ síta bí ìdí igbá. Kọ́níà ni wọ́n ń pè é. Láàárín gbùngbùn ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ òun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣẹ́ kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ tí ojú ń ṣe. Lẹ́ǹsì tó wà nínú ojú lẹ́yìn ẹ̀, àtúnṣe ló kàn ń ṣe sí i. Torí náà tí kọ́níà bá ti ṣe wọ́gọwọ̀gọ, kò sí nǹkan tí àwọn tó kù lẹ́yìn lè ṣe sí i.

Nínú keratoconus, kọ́níà á bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín, àwọn fọ́nrán tó mú un dúró á máa tú. Inú ẹyinjú sì nìyí, omi kún inú ẹ̀, ó ń ti awọ yẹn síta nígbà gbogbo, bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí ojú dúró róbótó. Àwọn tó ń lẹ táyà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: táyà tí okùn inú ẹ̀ ti já níbì kan, atẹ́gùn kan náà tó gbé gbogbo táyà dúró náà ló máa ti ibẹ̀ yọ kókó. Bí kọ́níà ṣe ń yọ nìyẹn, ìsàlẹ̀ àárín díẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́, dípò kó rí bí ìdí igbá á wá ṣe ṣóńṣó. Orúkọ ẹ̀ pàápàá ti sọ ọ́, "keras" lédè Gíríìkì, ìwo ni, "konos" sì ni ohun tó ṣe ṣóńṣó. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Nottingham ní Liverpool ti kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1854, kò sí ẹ̀rọ tó ń ya kọ́níà nígbà yẹn o, ojú lásán àti ọgbọ́n orí ló fi ń wò ó, mo máa ń rò ó pé tí bàbá yẹn bá fi lè rí i nígbà náà, kí ló dé tó gba èmi ní gíláàsì mẹ́rin.

Ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa burú sí i títí èèyàn á fi wọ ọgbọ̀n ọdún tàbí ogójì, lẹ́yìn náà ó sábà máa ń dúró. Ojú méjèèjì ló ń mú, ọ̀kan á ṣáájú èkejì. Bó ṣe wọ́pọ̀ tó dá lórí ohun tí wọ́n fi wá a: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Minnesota ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 1986 rí nǹkan bí èèyàn 54 nínú 100,000, òmíì tó jáde ní Nẹ́dálándì ní 2017 sọ pé ó tó ẹnì kan nínú 375, nígbà tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tuntun ya ojú àwọn ọmọ ogún ọdún ní Perth, Ọsirélíà, wọ́n rí i lára èèyàn tó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá bi mí, kì í ṣe pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń rí i ló ń pọ̀ sí i. Àwọn tí ẹ̀rọ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, gíláàsì ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ojú kan ṣoṣo wá, ká ní iná pínńpín ara ṣájà, ó yẹ kí kọ́níà kó gbogbo ẹ̀ jọ kó sì gbé e sójú kan ṣoṣo lára awọ tó wà lẹ́yìn ojú nínú lọ́hùn-ún. Kọ́níà tó ti ṣe ṣóńṣó ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, apá òkè ẹ̀ ń darí ìmọ́lẹ̀ síbì kan, apá ìsàlẹ̀ ń darí ẹ̀ síbòmíì, ojú kan tó yẹ kó wà róbótó á wá ní orí kó sì ní ìrù. Kómà làwọn dókítà ń pè é, kì í ṣe kómà inú ìwé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, lára ìràwọ̀ onírù ni wọ́n ti mú orúkọ ẹ̀. Nínú keratoconus, ìrù yẹn sábà máa ń wà lóròó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń rí òjìji lẹ́tà lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà gan-an. Fún ẹni tó ń tẹ̀wé, mo lè ṣàlàyé ẹ̀ báyìí: tí pléètì mẹ́rin tá a fi ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ ò bá ṣe rẹ́gí ara wọn, ètè ìyàwó á wà níbì kan, àwọ̀ pupa ètè á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojú mi òsì ń tẹ gbogbo ayé báyẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Òjìji yẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni ohun tó ń ṣe sí kọ́ńtíráàsì. Ẹ fojú inú wo àdìrẹ tuntun, aró dúdú kirikiri, funfun ẹ̀ funfun nini. Ẹni tó rẹ ẹ́ ò ṣe é dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, aró ṣí, ó ràn mọ́ ibi funfun. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ibi dúdú ti pàdánù lára dúdú ẹ̀, ibi funfun ti gba nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn. Tí ẹ bá wá wò ó dáadáa, àwọn ọnà gbẹ̀ǹgbẹ̀ ara aṣọ yẹn ṣì ń hàn, ẹ ṣì lè sọ pé ẹyẹ rèé, ewé rèé, àmọ́ àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fi ìyẹ́ fà, tó sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, wọ́n ti dà pọ̀, wọ́n ti di àwọ̀ sánmà kan ṣoṣo. Nínú ojú, ọ̀dìkejì ló jẹ́, ìmọ́lẹ̀ funfun ló ń ràn mọ́ ibi dúdú, àmọ́ ibi kan náà ni wọ́n já sí. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó jókòó sára ìwé funfun ń dà sórí lẹ́tà dúdú, lẹ́tà dúdú di eérú.

Wọ́n ti fi ìlà wọ̀n ọ́n. Wọ́n á fi àwọn ìlà dúdú àti funfun hàn yín, àwọn kan fẹ̀ bí ìlà aṣọ òkè ńlá, àwọn kan tín-ín-rín bí ìlà ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá máa dín àwọ̀ wọn kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Ojú tó ní keratoconus sábà máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ lórí àwọn ìlà fífẹ̀, tó bá kan èyí tó ṣe déédéé àti èyí tó tín-ín-rín, á ti sọ wọ́n nù kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ nù. Bí kọ́níà bá sì ṣe ń burú sí i, àwọn ìlà fífẹ̀ náà á máa tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin á wá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo lo ṣe ń ka káàdì ara ògiri? Ẹ fi owó wò ó. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lápò, tí olè bá yọ ìdajì, á pariwo, àmọ́ á wọkọ̀ délé, á ra búrẹ́dì lọ́nà. Ẹni tó jẹ́ pé igba náírà ló ní, tí wọ́n bá yọ ìdajì, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn. Lẹ́tà dúdú lórí káàdì funfun, olówó ni, kò sí ìyàtọ̀ tó tún lè pọ̀ ju ìyẹn lọ. Keratoconus jí ìdajì ẹ̀, ó ṣì kù tó láti kà. Òkúta inú ìrẹsì, àtẹ̀gùn símẹ́ńtì lórí símẹ́ńtì, òwú dúdú lára aṣọ dúdú, ojú èèyàn tó dúró síwájú fèrèsé, omi tó dà sórí táìlì, gbogbo àwọn ìyẹn, akúṣẹ̀ẹ́ ni wọ́n, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní látìbẹ̀rẹ̀. Jí ìdajì ẹ̀, ó tán. Tí ẹ bá sì wá ro bí ayé ṣe rí, àwọn nǹkan akúṣẹ̀ẹ́ yẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tá à ń fojú wá kiri lójúmọ́, ta ló tún ń ka lẹ́tà dúdú gàdàgbà lára ògiri tó bá ti kúrò ní ọsibítù.

Káàdì yẹn, Herman Snellen, ará Nẹ́dálándì, ló ṣe é jáde ní 1862, mi ò sì bá a jà, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, ó ń wọn bí lẹ́tà tó kéré jù tí ẹ lè dá mọ̀ ṣe kéré tó. Tí wọ́n bá ní ẹ ní 6/12, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ohun tí ojú tó dáa ń kà ní mítà 12, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ sún mọ́ mítà 6 kẹ́ ẹ tó rí i. Ìwọ̀n bí nǹkan ṣe tóbi nìyẹn o, kì í ṣe ìwọ̀n bó ṣe hàn. Àwọn èèyàn wa tó ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba mọ̀ pé òfin ní kí wọ́n lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mítà 20 lójú ọ̀sán, kí wọ́n sì ní 6/12 ó kéré tán. Nọ́ńbà ọkọ̀ Ìlú Ọba ńkọ́? Dúdú lórí funfun níwájú, dúdú lórí yẹ́lò lẹ́yìn. Olówó ni gbogbo wọn. Ẹni tó ní keratoconus lè yege níbẹ̀ fọ́fọ́, kó wá má rí ẹni tó wọ kóòtù dúdú tó ń sọdá títì nínú òjò nírọ̀lẹ́.

Káàdì míì wà tó yẹ kí wọ́n máa gbé jáde. Denis Pelli àti John Robson ṣe é ní 1988. Gbogbo lẹ́tà ara ẹ̀ ló tóbi bákan náà, wọ́n tóbi dáadáa, ẹ ò ní ṣẹ́jú pọ́n kẹ́ ẹ tó rí i. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò wọ́n, ìlà kan sì ní lẹ́tà mẹ́fà. Ìlà àkọ́kọ́ dúdú dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ nǹkan bí ìdajì ẹ̀, èyí tó tún tẹ̀ lé e ìdajì ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ sísàlẹ̀ títí lẹ́tà á fi dà bí èyí tí wọ́n fi omi kọ. Bí fọ́tòkọ́pì tí tónà ń tán nínú ẹ̀rọ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e síwájú mi, mo ka ìlà kan, mo ka èkejì, nígbà tó yá mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, pé ìwé funfun ni. Àbúrò mi obìnrin tó sìn mí lọ dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ìyókù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rò pé mò ń ṣeré ni.

Alẹ́ tún wá burú jù. Lọ́sàn-án, ọmọlójú máa ń kéré, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò kékeré kan wọlé, ó ṣeé ṣe kí apá kọ́níà tó wà níwájú ihò yẹn dára díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọmọlójú á là gbẹ̀ǹgbẹ̀, gbogbo ibi tó wọ́ lára kọ́níà á wá láǹfààní àti dá sí i. Iná mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lọ́nà Ìbàdàn, ẹ̀yin ń rí iná méjì, èmi ń rí iná tó ní irun, tó ní ẹsẹ̀, tó ní ọmọ mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á sì tàn bo gbogbo ohun tó wà ní àyíká ẹ̀, ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á pòórá pátápátá. Mo ti fi wíwa ọkọ̀ lálẹ́ sílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìdí tá a tún fi ń fún ojú pọ̀ nìyẹn, à ń wá bí a ṣe máa sọ ihò yẹn di kékeré. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sára páálí, ẹ di ojú kan, ẹ fi èkejì wo nínú ihò náà. Tí lẹ́tà bá ṣe kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú iwájú tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ni kí ẹ fura sí. Tàbí kẹ́ ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ di ojú kan, kẹ́ ẹ wo iná kékeré ara tẹlifíṣọ̀n. Tó bá di mẹ́ta mẹ́rin, tí ojú kejì sì wà ní dídì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárẹ̀ o. Kì í ṣe keratoconus nìkan ló lè fa èyí, ojú tó ti gbẹ tàbí kátárààtì náà lè ṣe é, àmọ́ ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ sọ fún dókítà pé kí wọ́n ya máàpù kọ́níà òun, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà, tó ń fi àwọ̀ pupa sàmì sí ibi tó bá yọ síta jù. Máàpù yẹn ló ń tú àṣírí, kì í ṣe káàdì ara ògiri.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan wà nígbà kan, Steven Holcomb, òun ló máa ń wa bobsleigh, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré já ṣòòròṣò lórí yìnyín, eré tí ọkọ̀ ń sá ju 120 kìlómítà láàárín wákàtí. Keratoconus mú un, ó fi pa mọ́ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kọ́ bó ṣe máa fi ara mọ kọ́nà, ìdí ẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ ń yà sí dípò ojú. Ní 2008 wọ́n tọ́jú ojú ẹ̀, wọ́n fi lẹ́ǹsì sínú ẹ̀, ojú là kedere. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e? Ìríran yẹn dí i lọ́wọ́! Ohun tó ń rí ti pọ̀ jù, kò lè gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ mọ́, wọ́n ní ńṣe ló jẹ́ kí dígí hẹ́lìméètì ẹ̀ ha kó sì dọ̀tí kó lè padà máa fi ara wakọ̀. Ní 2010 ní Vancouver, òun àti ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin ẹ̀ gba góòlù, àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà máa gbà nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin yẹn láàárín ọdún 62. Stephen Curry tó ń gbá basketball náà sọ ní 2019 pé òun ní keratoconus, pé òun ti ń fún ojú pọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé ọpọlọ máa ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ní Rochester ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí kan fi ẹ̀rọ tún gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ojú àwọn tó ní keratoconus ṣe fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ò ríran tó àwọn tójú wọn dáa látilẹ̀, torí ọpọlọ wọn ti mọ àwòrán tó bàjẹ́ lára.

Gíláàsì wá ńkọ́? Gíláàsì lè tún ohun tó wọ́ létòlétò ṣe, kó fi kún un tàbí kó yọ kúrò nínú ẹ̀, títí kan èyí tó wọ́ síbì kan ju ibòmíì lọ. Kómà àti àwọn ẹbí ẹ̀, gíláàsì ò mọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà gíláàsì wa fi ń yí padà léraléra, tẹ́nì kankan ò sì lè sọ pé èyí ló bá a mu.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni lẹ́ǹsì líle, èyí tí wọ́n ń gbé lé ojú fúnra ẹ̀. Láti 1888 ni Adolf Fick ti ń dán lẹ́ǹsì onídígí wò lójú àwọn tó ní keratoconus. Ọgbọ́n inú ẹ̀ rọrùn, ó sì dùn mọ́ mi: lẹ́ǹsì yẹn dán, ó rí róbótó, ẹ gbé e lé orí kọ́níà tó rí gbágungbàgun, omijé á kún àlàfo àárín wọn. Omijé àti kọ́níà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà, torí náà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé ibẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kòtò wà. Bí ẹni tó da omi sí títì tó ní kòtò ni, òkè omi á tẹ́jú. Èyí ń pa nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìdàrúdàpọ̀ ojú iwájú kọ́níà rẹ́.

Àmọ́ kọ́níà ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yẹn náà ti wọ́, lẹ́ǹsì ò sì dé ibẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú, tí wọ́n á ní o ti gba lẹ́ǹsì, o ti ka 6/6, kí lo tún ń ráhùn sí. Kọ́ńtíráàsì ni. Ó gòkè dáadáa, kò gòkè dé ti ojú tí nǹkan kan ò ṣe. Èmi ń lo èyí tó tóbi, tó jókòó sórí ibi funfun ojú tó sì fo kọ́níà dá, omi ń bẹ lábẹ́ ẹ̀. Láàárọ̀ ó ń dán gbinrin, tó bá tó wákàtí mélòó kan, omi abẹ́ ẹ̀ á ti dà bí omi ògì, mo máa bọ́ ọ, mo máa pààrọ̀ omi, mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi lásìkò yẹn á rò pé mò ń sunkún.

Ìtọ́jú tó ń dá àìsàn náà dúró tún yàtọ̀. Jámánì, ní Dresden, ni wọ́n ti gbé e jáde, àbájáde tí gbogbo ayé mọ̀ jáde ní 2003, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2016. Wọ́n á kán fítámì B2 tó yẹ́lò sójú, wọ́n á wá tan iná ultraviolet sí i, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ti àkọ́kọ́ yẹn, kí àwọn fọ́nrán kọ́níà lè so kọ́ra kí wọ́n le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa torí mo ti rí ẹni tó bínú lórí ẹ̀: kì í dá ojú padà. Ó ń sọ pé kó dúró níbi tó dé ni. Oṣù àkọ́kọ́ pàápàá, kọ́níà lè ṣú díẹ̀, kọ́ńtíráàsì á lọ sílẹ̀ kó tó tún gòkè. Ẹni tó bá tètè ṣe é ló jèrè jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí gíláàsì mẹ́rin mi. Èyí tó bá ti burú jù, wọ́n lè pààrọ̀ kọ́níà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láṣeyọrí sí ara èèyàn ní December 1905, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò ní débẹ̀.

Ọwọ́ rírà sójú ni ká wá sọ. Àwọn ọmọ tí ojú ń yún, tí ibi funfun ojú wọn ti ń ràwọ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ lọ ojú títí á fi máa dún, ìwà yẹn àti keratoconus ń rìn pa pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé aṣọ tútù lé e, kí dókítà fún wọn ní oògùn ojú yíyún. Ẹ má ra oògùn ojú olósítẹ́rọ́ọ̀dù fúnra yín ní kẹ́míìsì torí pé ó tètè ń mú ojú yíyún lọ, ó lè fa gùlókómà, àìsàn tó ń fọ́ni lójú, kí ọwọ́ má ba ohun tá ò lè san padà.

Nílé, mo ti kun etí àtẹ̀gùn wa ní yẹ́lò. Ìrẹsì Ọ̀fadà, inú àwo dúdú ni mo ti ń ṣà á báyìí, ìdí ẹ̀ ṣú, òkúta ń hàn. Àwọn èèyàn ní kí n sọ ojú fóònù mi di dúdú kí lẹ́tà ẹ̀ funfun, pé ojú á sinmi, fún èmi ó burú, ọmọlójú ń là, lẹ́tà funfun ń ní ìrù, ìwé funfun lẹ́tà dúdú ni mo padà sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń fọwọ́ ra ojú bí ẹni ń fọ aṣọ, àìsàn yìí sì ń rìn nínú ìdílé, mo bá mú un lọ, mo ní máàpù ni mo wá yà fún un, kì í ṣe gíláàsì. Wọ́n ní kó ka káàdì, ó kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń wò mí bíi pé mo fi àkókò ẹ̀ ṣòfò. Máàpù ojú ọ̀tún dára. Ti òsì ní ibì kan nísàlẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní kò tíì tó nǹkan tí wọ́n ń fún lórúkọ, kó dẹ́kun ọwọ́ rírà, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú máákà dúdú, gàdàgbà, lórí funfun.